Bí ẹ ṣe máa ya portal oníbàárà yín kúrò lára ìkànnì ilé-iṣẹ́

Portal ni ibi tí oníbàárà máa ń wọlé sí lórí ayélujára láti fi ìwé ránṣẹ́ sí yín, kó sì gba tirẹ̀. Àwọn oníṣirò owó, lọ́yà, àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn tó ń bá ènìyàn forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Mo ti ṣe portal fún àwọn oníbàárà mi, kí ló dé tó jẹ́ pé tí ìkànnì mi bá ti dákú, portal náà á dákú?" Tí mo bá wọ inú cPanel wọn (ojú ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkóso hosting), ohun tí mo máa ń bá níbẹ̀ kì í yàtọ̀: fódà kan tó ń jẹ́ `clients` nínú `public_html`, lẹ́gbẹ̀ẹ́ WordPress. Àwọn mìíràn ti ṣe subdomain (orúkọ tó wà níwájú dómìnì, bíi `portal.example.com`) lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú àkáǹtì hosting kan náà ni subdomain ọ̀hún ń tọ́ka sí. Ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n gbẹ́ sára ilé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gba ojú plugin tí ẹ kò ṣe update rẹ̀ wọlé, á kàn rìn gba pálọ̀ kọjá síbi tí statement báńkì oníbàárà wà ni.

Nǹkan mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ pínyà kí portal tó lè dá dúró: sáfà tó gbé e, orúkọ ìwọlé tí ẹ fi ń ṣàkóso rẹ̀, cookie tó ń lò (àmì kékeré tí browser ń tọ́jú kí ìkànnì lè mọ ẹni tó wọlé), àti ọ̀nà tó ń gbà fi íméèlì ránṣẹ́. Ọ́fíìsì oníṣirò owó kékeré kan ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìkànnì wọn wà ní `example.com` lórí shared hosting. Portal wọn máa wà ní `portal.example.com` lórí VPS kékeré (sáfà tí ẹ yá, tí ẹ̀yin nìkan ń ṣàkóso), Nextcloud, software tí wọ́n fi ń tọ́jú ìwé tí wọ́n sì fi ń pín in, ni yóò sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Nextcloud, oníbàárà lè ti orí fóònù gbé ìwé sí i, ó sì ti ní ìwọlé onípele méjì tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ software mìíràn lẹ fẹ́, àwọn àṣẹ inú ìpele 4, 6 àti 8 nìkan ló máa yí padà.

Ohun tí ẹ nílò

- Orúkọ ìwọlé síbi tí DNS dómìnì yín wà (àkọsílẹ̀ tó ń sọ sáfà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí). Ó lè má jẹ́ ibi tí ẹ ti ra dómìnì. Ìpele 1 máa sọ ọ́ fún yín.
- VPS kan tó ní Ubuntu 24.04 LTS, RAM 2 GB ó kéré tán, àti IPv4 (nọ́ńbà àdírẹ́sì sáfà) tirẹ̀. Ní ti disk, ẹ ṣírò ìwọ̀n ìwé gbogbo oníbàárà yín, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ ní ìpele 8.
- Káàdì tó lè san owó VPS lóṣooṣù láì kọ̀. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè kì í dúró de ẹni tí káàdì náírà rẹ̀ kọ̀. Wọ́n á pa sáfà, wọ́n á sì nù ún dànù tó bá yá. Tí káàdì yín kò bá dájú, ẹ rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ hosting tó ń gba náírà.
- Àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá ènìyàn fi íméèlì ránṣẹ́ nípasẹ̀ SMTP.
- Ibòmíràn tí ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà ìpamọ́ sí, tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ni VPS.
- Ìwé Excel kan: orúkọ oníbàárà, íméèlì rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó o. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan sáfà. Àwọn tó fò ó ni wọ́n máa ń fi ìwé Alhaja ránṣẹ́ sí Pásítọ̀.

Ìpele 1: Ẹ mọ ẹni tó di DNS yín mú

Ẹ ṣí terminal, kí ẹ tẹ:

```
dig NS example.com +short
```

Lórí Windows, `nslookup -type=ns example.com` ni. Orúkọ tó bá jáde ni ilé tí DNS yín ń gbé. Bó bá jẹ́ orúkọ tó parí sí `cloudflare.com` ló jáde, asán ni gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sínú Zone Editor cPanel; ojú yín á rí i pé ó wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa kà á. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi odindi ọjọ́ ṣòfò.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo record (ìlà àkọsílẹ̀ DNS) tó wà níbẹ̀ báyìí, pàápàá MX, tó ń darí íméèlì, àti TXT, kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.

Tí ẹ bá ti wọ ibẹ̀, tí ẹ sì rí A record (ìlà tó so orúkọ mọ́ IP sáfà) tó gbé ìkànnì yín, ibi tó yẹ lẹ wà.

Ìpele 2: Ẹ gbé sáfà dìde, kí ẹ tì í

Ẹ ra VPS náà pẹ̀lú íméèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí kì í ṣe ti hosting ìkànnì yín. Mo ti rí ẹni tó na owó sórí sáfà méjì, tó sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣí méjèèjì.

Ẹ fi SSH key yín (kọ́kọ́rọ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń dípò ọ̀rọ̀ aṣínà) sí i nígbà tí ẹ bá ń dá a sílẹ̀, ẹ wọlé, ẹ dá àkáǹtì tiyín sílẹ̀, kí ẹ fún un ní sudo (agbára alábòójútó), kí ẹ sì da key náà sínú `.ssh/authorized_keys` rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ufw, firewall Ubuntu, ti gbogbo ilẹ̀kùn tí ẹ kò nílò:

```
sudo ufw allow OpenSSH
sudo ufw allow 80/tcp
sudo ufw allow 443/tcp
sudo ufw enable
```

Ẹ má ṣe yí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ `enable` kó tó gba OpenSSH láàyè máa ti ara rẹ̀ mọ́ta, console orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ VPS nìkan ló máa yọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa ìwọlé onípásíwọọ̀dù. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ `PasswordAuthentication no` sínú `/etc/ssh/sshd_config`, wọ́n á tún SSH bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ VPS Ubuntu, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ `/etc/ssh/sshd_config.d/50-cloud-init.conf`, tó ti kọ `yes` síbẹ̀. Òun ni SSH máa ń kọ́kọ́ kà, ohun tó bá sì kọ́kọ́ kà ló máa ń tẹ̀ lé. Ẹ yí ti inú fáìlì yẹn padà, kí ẹ tún SSH bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá bi í léèrè ohun tó gbà gan-an:

```
sudo sshd -T | grep -i passwordauthentication
```

`no` ló gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ má tíì ti terminal tí ẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí èkejì, kí ẹ fi àkáǹtì tuntun yẹn wọlé. Tó bá wọlé, ẹ lè ti èkíní.

Ìpele 3: Ẹ fún portal ní orúkọ

Níbi tí ẹ rí ní ìpele 1, ẹ fi record kan ṣoṣo kún un: irú rẹ̀ jẹ́ A, orúkọ jẹ́ `portal`, iye jẹ́ IP VPS yín (ká sọ pé 203.0.113.25), TTL 300 (iye ìṣẹ́jú-àáyá tí àwọn sáfà mìíràn máa fi rántí rẹ̀). Tó bá jẹ́ Cloudflare ni, ẹ fi àmì ìkùukùu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ record náà sí àwọ̀ eérú ná.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ló burú jù: kí ènìyàn lọ yí nameserver dómìnì (sáfà tó di DNS rẹ̀ mú) sí ti ilé-iṣẹ́ VPS nítorí pé ìtọ́sọ́nà wọn ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ìyípadà náà bá ti múlẹ̀, gbogbo record àtijọ́ ti dàwátì, MX wà lára wọn, íméèlì ọ́fíìsì á sì dákẹ́. Ẹ kò nílò láti fọwọ́ kan nameserver rárá. Èkejì ni kíkọ `portal.example.com` sí àyè orúkọ. Àwọn panel kan á fi dómìnì kún un fúnra wọn, á wá di `portal.example.com.example.com`. Ẹ̀kẹta ni record oníràwọ̀, `*`, tí àwọn hosting kan ti fi síbẹ̀. Èyí máa ń jẹ́ kí `portal` ti dáhùn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n sáfà àtijọ́ ló ń dáhùn, inú ènìyàn á sì ti dùn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

```
dig +short portal.example.com
dig +short MX example.com
```

Èkíní gbọ́dọ̀ fún yín ní IP VPS. Èkejì gbọ́dọ̀ bá fọ́tò tí ẹ yà mu láìyẹ̀. Tí èkíní bá ṣófo, bóyá ẹ ti ṣí orúkọ náà kí ẹ tó dá a sílẹ̀, network tí ẹ ń lò sì ti rántí pé kò sí. Ẹ fi data fóònù wò ó dípò Wi-Fi ọ́fíìsì, tàbí kí ẹ mu omi, kí ẹ padà wá.

Ìpele 4: Ẹ fi Nextcloud sí i

```
sudo snap install nextcloud
sudo nextcloud.manual-install alabojuto 'oro-asina-igba-die'
sudo nextcloud.occ config:system:set trusted_domains 1 --value=portal.example.com
sudo nextcloud.enable-https lets-encrypt
```

Sudo máa ń kọ gbogbo àṣẹ tí ẹ bá pa sínú log, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ tẹ̀ síbẹ̀ ti wà nínú fáìlì kan nìyẹn. Nítorí náà, ti ìgbà díẹ̀ ni kó jẹ́. Ẹ yí i padà láti inú browser ní kété tí ẹ bá wọlé.

Tí àṣẹ tó kẹ́yìn bá kọ̀, ẹ má ṣe máa pa á léraléra. Let's Encrypt, tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí HTTPS, máa ń dá ènìyàn dúró lẹ́yìn ìkùnà 5 láàárín wákàtí kan lórí orúkọ kan. Ẹ padà sí ìpele 3, kí ẹ rí i dájú pé IP tọ́, kí ẹ sì rí i pé port 80 (ilẹ̀kùn HTTP) ṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wá yẹ̀ yín wò. Ọjọ́ 90 ni ìwé ẹ̀rí náà máa ń lò, snap yìí sì máa ń tún un gbà fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ má pa port 80 lẹ́yìn ìgbà yìí.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan: gbogbo ìwé ẹ̀rí irú èyí ni wọ́n máa ń kọ sínú àkọsílẹ̀ gbangba tí ẹnikẹ́ni lè wò. Ẹni tó sọ subdomain rẹ̀ ní `xk29-asiri`, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n, ń tan ara rẹ̀. Ẹ pè é ní `portal`, kí oníbàárà lè rántí.

Ẹ ṣí `http://portal.example.com` lórí fóònù, láìfi `s` sí i. Ó gbọ́dọ̀ gbé yín lọ sí `https` fúnra rẹ̀, láìsí ìkìlọ̀ pupa kankan.

Ìpele 5: Ẹ gé cookie

Àwọn tó mọṣẹ́ gan-an náà máa ń fo ibí yìí. Sáfà ti di méjì, ṣùgbọ́n browser kò mọ sáfà, orúkọ ló mọ̀. Cookie tí `example.com` bá fi sílẹ̀ pẹ̀lú `Domain=example.com`, browser á máa gbé e lọ fún `portal.example.com` náà. Ẹ má sì fọkàn tán SameSite (ètò tí kì í jẹ́ kí cookie tẹ̀ lé ìbéèrè tó wá láti ìkànnì mìíràn) láti gbà yín: lójú browser, `example.com` àti `portal.example.com` jẹ́ ọmọ ilé kan náà.

Ẹ ṣí ìkànnì yín nínú Chrome, kí ẹ wọlé sí WordPress bí admin, ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí Application, lẹ́yìn náà Cookies. Ẹ wo òpó Domain. Tí cookie ìwọlé WordPress bá ní àmì tótó (dot) níwájú, bíi `.example.com`, ẹnì kan ti kọ `COOKIE_DOMAIN` sínú `wp-config.php`, ẹ yọ ọ́. Cookie `_ga` ti Google Analytics náà máa ń ní àmì tótó yẹn, kì í ṣe cookie ìwọlé, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe bákan náà lórí portal. Tí HTTPS bá jókòó dáadáa, ẹ máa rí cookie Nextcloud tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `__Host-`. Irú èyí, browser kò ní gbà kí ìkànnì mìíràn kọ ọ́.

Ẹ má ṣe fi fọ́ọ̀mù ìwọlé portal sí ojú ìwé WordPress, ẹ má sì fi iframe (àpótí tó ń fi ìkànnì kan hàn nínú òmíràn) gbé portal síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn ún wò, àwọn ọ̀gá sì máa ń béèrè fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá jí WordPress gbé ni ẹni tó jí i á máa ka ọ̀rọ̀ aṣínà oníbàárà bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnì kan tó kọ "Wọlé", tó gbé ènìyàn lọ tààrà sí `https://portal.example.com`, ti tó.

Ìpele 6: Ẹ fi oníbàárà pamọ́ fún oníbàárà

Wọ́n ṣe Nextcloud fún àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, oníbàárà kan lè tẹ lẹ́tà díẹ̀ sí àpótí Share, kó sì rí orúkọ àwọn yòókù. Fún oníṣirò owó, orúkọ nìkan ti tó àṣírí: ẹ rò ó wò kí oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀ rí i pé ẹni tí wọ́n jọ ń du ọjà ń lo ọ́fíìsì kan náà.

```
sudo nextcloud.occ config:app:set core shareapi_allow_share_dialog_user_enumeration --value=no
sudo nextcloud.occ config:app:set core shareapi_only_share_with_group_members --value=yes
sudo nextcloud.occ config:app:set core shareapi_allow_links --value=no
sudo nextcloud.occ config:system:set skeletondirectory --value=''
```

Àṣẹ kẹrin kò jẹ mọ́ ààbò, ó kàn ń dènà àwọn fọ́tò àti ìwé àpẹẹrẹ tí Nextcloud máa ń kó sínú àkáǹtì tuntun, èyí tó máa ń mú kí oníbàárà pè yín pé "Ta ló ni àwọn fọ́tò yìí?"

Àṣẹ kejì ni ènìyàn máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́. Ó ní kí ènìyàn pín ìwé pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ wà nínú group nìkan. Tí ẹ bá wá kó gbogbo oníbàárà sínú group kan tí ẹ pè ní `clients`, ẹ ti ṣí ohun tí ẹ tì. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ni kó ní group tirẹ̀, òun àti òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó o. Iṣẹ́ Excel yẹn dé nìyí.

Ní ti ìwọlé onípele méjì, ẹ lọ sí Apps, ẹ tan Two-Factor TOTP Provider (èyí tó ń lo kóòdù tó ń yí padà lórí app fóònù), ẹ ṣètò tiyín ná, ẹ tẹ backup codes yín sórí bébà. Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí ẹ pa àṣẹ `sudo nextcloud.occ twofactorauth:enforce --on`. Ẹni tó bá pa á kó tó tan app yẹn máa rí i pé kò sí ọ̀nà ìwọlé kejì fún ẹnikẹ́ni, òun náà wà lára wọn. Tí kóòdù bá ń kọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tọ́, aago fóònù tàbí ti sáfà ló ti yẹ̀. Àṣẹ `timedatectl` á sọ ti sáfà fún yín.

Ẹ dá àkáǹtì `idanwo1` àti `idanwo2` sílẹ̀, kálukú nínú group tirẹ̀. Ẹ wọlé bí `idanwo1`, ẹ gbé PDF kan sí i, ẹ tẹ Share, ẹ kọ `idanwo2` délẹ̀ láìku lẹ́tà kan. Kò gbọ́dọ̀ jáde. Tó bá jáde, ẹ má fi oníbàárà gidi kankan sí i.

Ìpele 7: Íméèlì

Portal gbọ́dọ̀ lè fi link ìyípadà ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ VPS ló ti dí port 25, nítorí náà ẹ lo ilé-iṣẹ́ SMTP yín lórí port 587, nínú Basic settings. Ẹ fi `noreply@portal.example.com` ṣe olùfiránṣẹ́, kí ẹ sì fi SPF àti DKIM (àwọn record tó ń fi hàn pé íméèlì yín kì í ṣe ayédèrú) tí ilé-iṣẹ́ náà bá fún yín sí abẹ́ `portal`, kì í ṣe abẹ́ `example.com`. Ẹni tó bá fi SPF kejì kún èyí tó wà ní `example.com` ti ba méjèèjì jẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni orúkọ kan lè ní, lẹ́tà ọ́fíìsì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já sí Spam.

Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Gmail, ẹ ṣí i, ẹ tẹ Show original. SPF àti DKIM gbọ́dọ̀ ní PASS lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìpele 8: Ẹ̀dà ìpamọ́

```
sudo nextcloud.export
```

Inú `/var/snap/nextcloud/common/backups` ló máa kó o sí, pẹ̀lú gbogbo ìwé oníbàárà. Disk gbọ́dọ̀ gba ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, pẹ̀lú àyè ìmí. Ẹ kó o lọ síbi kejì tí ẹ ti pèsè, kí ẹ pa ti orí sáfà rẹ́. Snapshot (ẹ̀dà odindi sáfà) tí ilé-iṣẹ́ VPS ń tà dára, ṣùgbọ́n inú àkáǹtì kan náà ló wà. Bí káàdì bá kọ̀, tí wọ́n sì pa àkáǹtì, méjèèjì jọ ń lọ ni.

Kò tíì di ẹ̀dà ìpamọ́ títí ẹ ó fi dá a padà. Ẹ yá VPS mìíràn lò fún wákàtí bíi mélòó kan, ẹ fi Nextcloud sí i, ẹ lo `nextcloud.import`, kí ẹ ṣí PDF `idanwo1`.

Ìpele 9: Ẹ kó lọ, kí ẹ sì gbá ilé àtijọ́

Ẹ fi oníbàárà díẹ̀ tó máa ń tètè fèsì bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi link portal ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́ níbẹ̀ láéláé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi link inú íméèlì yan tiwọn. Fún àwọn àgbà, ẹ pè wọ́n, kí ẹ jọ ṣe é lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí èrò kò pọ̀, ẹ yí orúkọ `index.php` WordPress padà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìkànnì gbọ́dọ̀ kú, portal gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ, íméèlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jáde. Ẹ dá orúkọ náà padà.

Ó ku fódà `clients` àtijọ́. Ẹ pa á rẹ́, ẹ wo Trash inú File Manager, ẹ sì wo àwọn zip ẹ̀dà ìpamọ́ tí cPanel tàbí plugin ti kó jọ, nítorí ìwé kan náà ló wà nínú wọn. Ẹ mú link ìwé àtijọ́ kan, ẹ ṣí i nínú Incognito: 404 (pé ìwé náà kò sí) ló gbọ́dọ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `site:example.com filetype:pdf` sí Google. Tí ìwé oníbàárà bá jáde, ẹ lo Removals nínú Search Console. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀, 404 yẹn ló máa mú un kúrò pátápátá. Kí ẹ sì pe lọ́yà yín lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀, kí ẹ fi tó Nigeria Data Protection Commission létí tó bá lè ṣe àwọn tó ni ìwé náà ní jàǹbá.